Ẹnu Àìmẹ́nu, Ètè Àìmétè: Ọ̀nà Tí A Fi Lè Gbé Ọ̀rọ̀ Àṣírí Lọ Bá Oníròyìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pa òwe yìí fún wa, pàápàá nígbà tí a bá sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé fún ará ìta. Mo gbà pé òtítọ́ ni òwe náà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà ni wọ́n tún sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí á sùn lóru. Èwo ni kí á wá ṣe nínú méjèèjì? Ṣé kí á dákẹ́ ni, tàbí kí á sọ̀rọ̀? Ohun tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, jọ yẹ̀ wò nìyí nínú ìwé ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí.

Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó bá rí ìwà ìbàjẹ́ tí ó ń pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lára ní ẹ̀tọ́ láti gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìròyìn, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ni kí ó fi gbé e. Ọ̀rọ̀ lè jẹ́ òtítọ́ pọ́ńbélé, kí ọ̀nà tí a gbà sọ ọ́ sì ba ayé ẹni tí ó sọ ọ́ jẹ́. N kò rí èyí kà nínú ìwé nìkan. Ó ṣojú mi, mo sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

OHUN TÍ Ó ṢOJÚ MI

Kí n tó dé ilé ẹ̀kọ́ tí mo wà yìí, mo ti kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní í dárúkọ. Mo ní ọ̀rẹ́ kan níbẹ̀ tí ó máa ń bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀sán ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń pín yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé wọ́n ń ta bẹ́ẹ̀dì tí ó yẹ kí wọ́n fi ìbò pín. Ẹni tí ó lówó a san ìlọ́po mẹ́rin iye tí ó wà lórí ìwé, wọn a sì fún un ní bẹ́ẹ̀dì ẹni tí orúkọ rẹ̀ jáde. Ọmọ tálákà tí ìbò mú yóò wá máa tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní yàrá oníyàrá. Ìwé kan wà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò owó náà. Ọ̀rẹ́ mi fi fóònù rẹ̀ ya àwòrán ìwé yìí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé e wá fún mi wò, ó ní kí ni kí òun ṣe sí i. Èmi tí mo ń pe ara mi ní ọlọ́gbọ́n, mo ní, "Fi ránṣẹ́ sí oníròyìn kíákíá, kí ọ̀rọ̀ tó tutù." Èmi náà ni mo fún un ní nọ́ńbà oníròyìn kan. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ láti orí fóònù ara rẹ̀, lórí nọ́ńbà tí gbogbo ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n mọ́. Kò sọ fún oníròyìn náà pé kí wọ́n má tẹ àwòrán náà jáde. Èmi náà kò rán an létí.

Ní ọjọ́ kẹta, àwòrán náà jáde nínú ìwé ìròyìn bí ó ti wà gan-an. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ mẹ́ta ní àmì bírò pupa tí ọ̀rẹ́ mi fà sí i lọ́jọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó bá òun yẹ ìwé náà wò. Ọwọ́ ẹni mẹ́ta péré ni ìwé yìí ti kọjá. Nínú àwọn mẹ́ta náà, ẹnì kan ṣoṣo ní ń lo bírò pupa.

N kò ní í fa ìtàn gùn. Kò sí ẹni tí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá lóòótọ́ ni wọ́n ń ta bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí ó ya àwòrán ni wọ́n ń wá. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n ní kí ó lọ jókòó sílé fún odindi ọdún kan. Ní ti àwọn tí ń ta bẹ́ẹ̀dì, wọ́n gbé méjì nínú wọn lọ sí ọ́fíìsì mìíràn. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìbò ni wọ́n fi pín yàrá, orúkọ tí ó jáde ni ó sì gba bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi so èso. Ẹlòmíràn ni ó jẹ ẹ́.

Mo lọ kí i nílé wọn. Ìyá rẹ̀ gbé àmàlà fún mi, ó ń dúpẹ́ pé mo jẹ́ ọ̀rẹ́ tòótọ́. Kò mọ̀ pé èmi ni mo fún ọmọ òun ní nọ́ńbà, tí mo sì ní kí ó ṣe é kíákíá. N kò lè jẹ oúnjẹ náà tán. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí bí ó ṣe yẹ kí a ti ṣe ọ̀rọ̀ náà.

ṢÉ ÒFÓFÓ NI?

Kí á tó lọ síwájú, mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé òfófó ni gbogbo èyí. Yorùbá kò fẹ́ràn olófòófó. Wọ́n ní òfófó kì í gba ẹgbàá, ibi ọpẹ́ ní í mọ. Ẹ jẹ́ kí á yẹ òwe yìí wò dáadáa. Ta ni olófòófó ń wá ọpẹ́ lọ sọ́dọ̀ rẹ̀? Ọ̀dọ̀ ẹni ńlá ni. Olófòófó a máa gbé ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹni kékeré lọ fún ẹni tí ó lágbára, kí ó lè rí ojú rere. Ẹni tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń gbé ohun tí àwọn alágbára fi pamọ́ lọ fún àwọn tí wọ́n ni ín. Owó ìlú kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì tí ìjọba rà fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje ọdún 1999, nígbà tí ìjọba alágbádá ṣẹ̀ṣẹ̀ padà dé. Ìwé ìròyìn TheNEWS tú u síta pé Salisu Buhari, tí í ṣe Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-Ṣòfin, purọ́ nípa ọjọ́ orí rẹ̀, àti pé Yunifásítì Toronto tí ó ní òun ti gboyè kò mọ̀ ọ́n rí. Kí oṣù náà tó parí, ó ti kúrò lórí àga. Ní ọdún 2016, ayé gbọ́ pé ẹnì kan tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní ti kó ìwé tí ó lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlá láti ilé iṣẹ́ àwọn agbẹjọ́rò kan ní Panama fún ìwé ìròyìn Süddeutsche Zeitung ní Jámánì. Àwọn olówó àti olóṣèlú káríayé tí ń fi owó pamọ́ ni ìwé náà sọ̀rọ̀ bá, tiwa ní Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Ní ọdún 2019, BBC gbé fíìmù jáde lórí àwọn olùkọ́ yunifásítì ní Èkó àti ní Ghana tí ń fi máàkì wá obìnrin. Bí àwọn ọmọbìnrin kan kò bá gbà láti sọ ohun tí ojú wọn rí, fíìmù náà kì bá tí wà. Ta ni yóò pe irú àwọn wọ̀nyí ní olófòófó?

Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òfófó ni ohun tí òun fẹ́ ṣe, kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó ni ọ̀rọ̀ yìí, ẹnì kan ni tàbí gbogbo ènìyàn? Ta ni yóò jàǹfààní bí ó bá jáde? Ṣé mo mọ̀ ọ́n ní òtítọ́, tàbí mo kàn kórìíra ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni? Bí ìdáhùn ẹ̀kẹta bá ń kọ ọ́ lóminú, kí ó lọ sinmi.

ÀWỌN TÍ WỌ́N PANU MỌ́

Ìbẹ̀rù àkọ́kọ́ tí ó máa ń wà lọ́kàn ènìyàn ni pé oníròyìn yóò dárúkọ òun bí wọ́n bá halẹ̀ mọ́ ọn. Lórí èyí, mo lè sọ pé ìtàn orílẹ̀-èdè wa yẹ àwọn oníròyìn sí.

Ní ọdún 1980, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà pe Tony Momoh, olóòtú Daily Times nígbà náà, nítorí pé ìwé ìròyìn rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn aṣòfin ń sá kiri wá iṣẹ́ kọngiráàtì. Wọ́n fẹ́ kí ó wá sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ. Kàkà kí ó sọ, ilé ẹjọ́ ni ó gbà lọ, Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Èkó sì gbè é lẹ́yìn. Ní ọdún 1984, àwọn ológun ṣe òfin tí a mọ̀ sí Decree 4. Lábẹ́ òfin yìí, bí ìròyìn tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, ẹni tí ó kọ ọ́ lè lọ sẹ́wọ̀n bí ó bá dójú ti òṣìṣẹ́ ìjọba. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian kọ̀wé nípa àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú ní òkè òkun. Wọn kò dárúkọ ẹni tí ó sọ fún wọn. Ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi wọ́n sí. Ní ọdún 1995, ìjọba Abacha sọ Kunle Ajibade ti TheNEWS sí ẹ̀wọ̀n gbére nítorí ìròyìn ìdìtẹ̀gbàjọba. Òun náà kò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ó sì di ọdún 1998, lẹ́yìn ikú Abacha, kí ó tó jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2018, nínú ìjọba alágbádá, àwọn ọlọ́pàá ti Samuel Ogundipe ti Premium Times mọ́lé kí ó lè sọ ẹni tí ó fún un ní ìwé kan láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn. Kò sọ.

Àṣà yìí wà nínú òfin ìwà tí àwọn oníròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí ní Ìlọrin ní ọdún 1998. Ó ní oníròyìn kò gbọdọ̀ tú ẹni tí ó fi àṣírí hàn án síta. Nítorí náà, n kò rò pé ẹnu oníròyìn ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ bẹ̀rù. Oníròyìn tí ó fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi síwèé náà kò dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ni ó dárúkọ rẹ̀.

Irú rẹ̀ gan-an ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2017, sí ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Reality Winner. Ó ń bá ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ṣiṣẹ́. Ó fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ibi iṣẹ́ rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde, ó sì fi í ránṣẹ́ láti ilé ìfìwéránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ìròyìn The Intercept, láìkọ orúkọ sí i. Àwọn oníròyìn náà fi ẹ̀dà rẹ̀ han ìjọba láti fi béèrè bóyá òtítọ́ ni. Àwọn aṣèwádìí rí i pé ibi tí ìwé ti ká fi hàn pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ni, wọ́n sì wo àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ. Ẹni mẹ́fà péré ni ó ti tẹ ìwé náà. Ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ni ó ti fi kọ̀ǹpútà ibi iṣẹ́ kọ ímeèlì sí ilé iṣẹ́ ìròyìn náà rí. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tilẹ̀ wà tí wọ́n máa ń fi àmì róbótó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, tí ojú lásán kò lè rí, sára bébà láti fi ọjọ́ àti ẹ̀rọ hàn. Àmì yìí wà lára ìwé tí wọ́n gbé jáde náà. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún àti oṣù mẹ́ta ni wọ́n dá fún un ní ọdún 2018. Nígbà tí mo kà á, bírò pupa ọ̀rẹ́ mi ni mo rántí.

ÀROKÒ ÀTI FÓÒNÙ

Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ àrokò. Àwọn bàbá wa a máa di owó ẹyọ, ìyẹ́ tàbí ewé fún ìránṣẹ́. Owó ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn ẹni fà sí ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Ìránṣẹ́ lè gbé àrokò kọjá láàárín ọjà, kí ó má sì mọ ohun tí òun gbé lọ́wọ́. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun kan. Àrokò ń pa ọ̀rọ̀ mọ́, kò pa ojú ìránṣẹ́ mọ́. Ẹni tí ó jókòó sí ẹnu bodè kò mọ ìtumọ̀ ẹyọ mẹ́fà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé láti ilé Lágbájá ni ìránṣẹ́ ti jáde, àti pé ilé Tàmẹ̀dò ni ó wọ̀.

Bí fóònù òde òní ṣe rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé kò séwu, nítorí pé ohun tí a bá kọ sórí WhatsApp kò ṣeé kà fún ẹlòmíràn lójú ọ̀nà. Òtítọ́ ni, láti ọdún 2016 ni wọ́n ti ń dí i bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe láti mọ ẹni tí ó kọ̀wé sí ẹni, ọjọ́ wo, aago mélòó. Ní ti ìpè lásán, ilé iṣẹ́ fóònù ní àkọsílẹ̀ gbogbo rẹ̀. Láti ìparí ọdún 2020 ni ìjọba sì ti ní kí a so nọ́ńbà síìmù mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, tí a ń pè ní NIN. Kò sí síìmù aláìlórúkọ mọ́. Ní ọdún 2020, ẹgbẹ́ CPJ tí ń jà fún ààbò àwọn oníròyìn kọ ọ́ síta pé àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà ti lo àkọsílẹ̀ ìpè fóònù láti fi wá àwọn oníròyìn mú. Nítorí náà, nǹkan méjì ni ẹni tí ó ní àṣírí gbọ́dọ̀ pa mọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kò pa èyíkéyìí mọ́ nínú méjèèjì.

OHUN TÍ MO FI Ń GBA ÈNÌYÀN NÍMỌ̀RÀN

Èkíní, kí o ya ohun tí o fi ojú rí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, kí o sì ya méjèèjì kúrò lára ohun tí o rò. Sọ ọ́ fún oníròyìn bẹ́ẹ̀. Ọjọ́, ibi, iye owó, irú ìwé tí ó wà àti ibi tí ó wà, àwọn ni oníròyìn lè tọ̀ lẹ́yìn. "Olè ni gbogbo wọn" kò ràn án lọ́wọ́.

Èkejì, kí o fara balẹ̀ yan ẹni tí o máa sọ fún. Wo ìwé ìròyìn tí ó ti ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ rí, kí o wo bóyá ó dáàbò bo àwọn tí ó bá a sọ̀rọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn mìíràn ní ọ̀nà tí wọ́n là sílẹ̀ fún èyí. Ọ̀kan nínú wọn ni SecureDrop, tí Aaron Swartz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí ìwé ìròyìn The New Yorker sì kọ́kọ́ lò ní ọdún 2013. Ojú ọ̀nà Tor ni ó ń gbà, tí ilé iṣẹ́ ìròyìn fúnra rẹ̀ kò fi ní í mọ ibi tí ìwé ti wá. Àwọn ilé iṣẹ́ ìròyìn àti ẹgbẹ́ kan ní Nàìjíríà náà dá Leaks.ng sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí ní ọdún 2017. Ẹ̀rọ tìrẹ, kúrò ní ibi iṣẹ́ àti ilé ẹ̀kọ́, ni kí o fi wá ọ̀nà wọ̀nyí.

Ẹ̀kẹta, má ṣe lo ohun èlò àwọn tí o fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Kọ̀ǹpútà wọn, ímeèlì wọn, Wi-Fi wọn, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn àti ẹ̀rọ fotokọ́pì wọn, gbogbo rẹ̀ ni ó ní ìrántí ju ti ènìyàn lọ.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá di dandan kí o lo fóònù, Signal sàn ju ọ̀pọ̀ lọ. Ohun tí ó ń fi pamọ́ nípa ẹni kò tó nǹkan, ènìyàn lè ní kí ọ̀rọ̀ pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn àkókò kan, àti láti ọdún 2024, ó ṣeé lò láìfi nọ́ńbà ẹni han ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá rẹ bá lè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ kí ó sì ṣí i, kò sí àǹfààní kankan níbẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ má fi ojú kékeré wo lẹ́tà. Lẹ́tà tí a kò kọ àdírẹ́sì ẹni sí lẹ́yìn, tí a kò fi ọwọ́ ara ẹni kọ, tí a sì jù sínú àpótí ìfìwéránṣẹ́ tí ó jìnnà sí ilé àti ibi iṣẹ́, ṣì jẹ́ ọ̀nà gidi. Àbùkù rẹ̀ ni pé oníròyìn kò lè bi ọ́ ní ìbéèrè padà. Nítorí náà, kí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tó o tọ́ka sí ibi tí ó ti lè rí ẹ̀rí fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, yẹ ìwé wò kí o tó fi sílẹ̀. Ta ni ó ní ẹ̀dà rẹ̀? Àmì wo ni ó wà lára rẹ̀? Àwòrán tí a fi fóònù yà lè gbé ọjọ́, irú fóònù, àti ibi tí a ti yà á pamọ́ sínú ara rẹ̀. Bí ẹni tí ó ní ìwé náà kò bá ju mẹ́ta mẹ́rin lọ, ó sàn kí oníròyìn kà á, kí ó sì wá ọ̀nà mìíràn fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, ju kí ó tẹ̀ ẹ́ jáde lọ.

Èkeje, kí ẹ ṣe àdéhùn kí o tó sọ̀rọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí o bá ti sọ ọ́ tán. Ṣé oníròyìn lè kọ ohun tí o sọ, láìdárúkọ rẹ? Tàbí kí ó kàn fi tọ ipa ọ̀nà, kí ó má kọ ọ́ rárá? Ṣé olóòtú rẹ̀ yóò mọ orúkọ rẹ? Ṣé wọn yóò tẹ àwòrán jáde? Ọ̀rọ̀ tí ó bá ti bọ́ lẹ́nu kò ṣeé kó mọ́. Bí wọ́n bá kọ̀ láti ṣe àdéhùn, dìde lọ.

Ẹ̀kẹjọ, kí o má sọ fún ẹlòmíràn. Má sọ fún ọ̀rẹ́, má sọ fún ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá, má sì sọ fún irú èmi tí yóò máa sáré kọjá ara rẹ̀. Bí ìròyìn bá sì jáde, má jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò máa pín in kiri. Ẹni tí ó ń fi ẹnu pa iná, tí kò sì sí iná lójú ẹlòmíràn, òun ni wọ́n máa ń wò.

ẸRÙ TÍ Ó WÀ LỌ́RÙN ONÍRÒYÌN

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nìkan ni mo gbé gbogbo ẹ̀bi lé lórí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé yìí ń kọ ìròyìn fún ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn mìíràn yóò sì di oníròyìn lọ́la. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí ó gbé àṣírí wá lè má mọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Oníròyìn ni ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kí ó béèrè pé, "Ènìyàn mélòó ni ó mọ ọ̀rọ̀ yìí?" Kí ó wá ẹlẹ́rìí kejì àti ẹ̀kẹta, kí ìròyìn má baà rọ̀ mọ́ ẹnì kan ṣoṣo lọ́rùn. Kí ó má kọ orúkọ ẹni náà sínú fóònù rẹ̀. Kí ó tún ọ̀rọ̀ inú ìwé kọ, kàkà kí ó gbé àwòrán ìwé jáde pẹ̀lú bírò pupa lára rẹ̀. Oníròyìn tí ó bá rò pé àìdárúkọ nìkan ni pípa àṣírí mọ́ kò tíì mọ iṣẹ́ rẹ̀ tán.

ÒFIN ŃKỌ́?

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ tí mo bá sọ ọ̀rọ̀ yìí bi mí pé, kí ló dé tí ènìyàn kò kọ́kọ́ lọ fi ẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ? Ìbéèrè gidi ni, mo sì gbà pẹ̀lú wọn. Níbi tí àwọn aláṣẹ bá ti ń gbọ́ ẹjọ́, ibẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ ni ó ń jalè ńkọ́? Ọ̀gá tí ọ̀rẹ́ mi ìbá lọ fẹjọ́ sùn ni ó fún un ní ìwé pé kí ó yẹ̀ ẹ́ wò.

Olùkọ́ mi tún ní, ṣé èyí kò ní í fún àwọn òpùrọ́ láyè láti fara pamọ́ ba ènìyàn jẹ́? Ó lè fún wọn láyè. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé kí oníròyìn wádìí kí ó tó kọ. Ẹni tí ó pa orúkọ rẹ̀ mọ́ kò gbọdọ̀ pa ẹ̀rí mọ́. Ẹni tí ó bá sì purọ́ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀, kí òfin mú un.

Ní ti ààbò, Òfin Ẹ̀tọ́ Láti Mọ̀, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2011, sọ ní ìpín kẹtàdínlọ́gbọ̀n pé òfin àṣírí ìjọba kò gbọdọ̀ pa òṣìṣẹ́ ìjọba lára bí ó bá tú ohun tí ó gbàgbọ́ pé ó jẹ́ ìrúfin, ìfiṣòfò owó ìlú, jìbìtì, tàbí ewu fún ìlera ará ìlú síta. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba ni òfin náà dárúkọ, kò dárúkọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Ní ọdún 2016, ìjọba àpapọ̀ ṣe ètò pé ẹni tí ó bá fi ibi tí wọ́n kó owó ìlú pamọ́ sí han ìjọba yóò gba láti ìdá méjì àbọ̀ sí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tí wọ́n bá rí gbà padà. Ètò ìjọba ni, kò kan ẹni tí ó lọ bá oníròyìn. Ilé ẹjọ́ pẹ̀lú kò fi ohùn kan sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ oníròyìn láti pa àṣírí mọ́. Òfin dára láti ní lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá ti rí ènìyàn mú ni ó máa ń wúlò. Ìṣọ́ra ni oògùn àgbà.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ wa fún ni pé kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n pe àwọn oníròyìn àti agbẹjọ́rò wá láti kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ yìí. A ń pe onílù, a ń pe eléwì, ó dára. Kí á pe àwọn wọ̀nyí náà. Mo sì ń bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa pé bí ẹ bá gbọ́ pé ìròyìn kan jáde nípa ibi tí a wà, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ́ "Ṣé òótọ́ ni?" kí ó tó kan "Ta ló sọ ọ́?"

Ọ̀rẹ́ mi padà sí ilé ẹ̀kọ́, ó sì ti parí báyìí. Kò bá mi jà rí. Nígbà kan tí mo bi í bóyá ó kábàámọ̀, ó ní òun kò kábàámọ̀ pé òun sọ ọ́, bí òun ṣe sọ ọ́ ni. Èmi kábàámọ̀ pé mo kánjú. Bí ó bá tún gbé ìwé náà wá bá mi lónìí, n kò ní í ní kí ó sun ún síná. N óò ní kí ó jókòó, kí a kọ́kọ́ ka iye ènìyàn tí ìwé náà ti kọjá lọ́wọ́ wọn.